Ìbò agbègbè ní ilẹ̀ Faransé: báwo ni agbára ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn?

Akọ̀wéLille

Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Nígbàkígbà tí ìbò bá ti ń bọ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ohun kan náà ni mo máa ń gbọ́ lórí fóònù láti ilé: "A gbọ́ pé ẹgbẹ́ Le Pen ti fẹ́ gba ìlú mọ́ yín lọ́wọ́." Wọ́n sọ ọ́ ní 2015, wọ́n tún un sọ ní 2021. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà kò tíì darí ìkankan rí nínú àwọn agbègbè ńlá tí wọ́n ń pè ní région. Ó wù mí ká jọ yẹ ìdí rẹ̀ wò, torí ìhà àríwá ni mò ń gbé, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ṣojú mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ìjọba ìbílẹ̀ wọn bó ṣe wà. Ìlú kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ abúlé, ni commune. Wọ́n tó 35,000, olúkúlùkù ló sì ní méyọ̀ àti ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni département, òun ló ń san owó ìrànwọ́ fún ẹni tí kò ríṣẹ́, tó sì ń bójú tó arúgbó àti ọmọ tí kò ní alágbàtọ́. Région ló tóbi jù: ilé ẹ̀kọ́ lycée (girama àgbà) wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin TER, bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti owó tí wọ́n fi ń gbé ilé-iṣẹ́ ró. Kí òfin Gaston Defferre tó jáde ní oṣù Kẹta 1982, préfet tí wọ́n rán wá láti Paris ni àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 1986 ni ará ìlú kọ́kọ́ fọwọ́ ara wọn dìbò yan ìgbìmọ̀ région. Ní 2015, ìjọba François Hollande fi òfin pa région 22 pọ̀ di 13, láìka àwọn tó wà lókè òkun.

Ìbò àkọ́kọ́ lórí àwòrán tuntun yẹn bọ́ sí ọjọ́ 6, oṣù Kejìlá, 2015. Kò tíì pé oṣù kan tí àwọn apániláyà paniyan ní Paris ní ọjọ́ 13, oṣù Kọkànlá. Ẹ̀rù ṣì wà lára gbogbo èèyàn. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán lálẹ́ ọjọ́ náà, Front National, ẹgbẹ́ Le Pen, ló ṣíwájú ní région mẹ́fà nínú 13. Lọ́dọ̀ wa níbí, Marine Le Pen gba ìdá 40.6 nínú 100, Xavier Bertrand ti apá ọ̀tún gba nǹkan bí 25, Pierre de Saintignon ti ẹgbẹ́ Sósíálísìtì, ní apá òsì, gba 18. Àwọn Sósíálísìtì lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró fún ìpele kejì. Wọn ò dúró. Wọ́n yọ àkójọ orúkọ wọn kúrò pátápátá, wọ́n ní kí àwọn èèyàn wọn lọ dìbò fún Bertrand tí wọ́n ti ń bá jà láti ọdún pípẹ́ wá. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, Bertrand wọlé pẹ̀lú ìdá 57.8.

Ẹ wo ohun tí ó ná wọn: nínú àga 170, Bertrand kó 116, Le Pen kó 54. Apá òsì tó ti ń darí Nord-Pas-de-Calais (région wa níbí kí wọ́n tó pa á pọ̀ mọ́ òmíràn) láti 1986 kò ní ẹyọ àga kan fún gbogbo sáà ìgbìmọ̀ náà. Èmi gbà pé wọ́n ṣe ohun tó tọ́. Ẹ̀yin ńkọ́?

Dèjì_Akúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé. Ìbéèrè mi rèé: ẹni tó gba 57.8 ṣe wá kó 116 nínú 170? Tí mo bá ṣírò rẹ̀, ó yẹ kí tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 98. Níbo ni ìyókù ti wá? Lọ́dọ̀ wa níbí, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹgbẹ́ tí gómìnà bá wà ni wọ́n máa ń kéde ní gbogbo káńsù, a ò tilẹ̀ dé ibi ìṣírò.

Akọ̀wéLille

Ìbéèrè gidi nìyẹn, àbúrò. Ènì ni. Bí ìyá olóúnjẹ ṣe máa ń bu ènì lé e fún oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni òfin ìbò région ṣe ń bu ènì fún ẹni tó bá ṣe ipò kìíní. Ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àga ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún un. Ìdá mẹ́ta tó kù ni wọ́n á wá pín fún gbogbo wọn, títí kan òun náà, gẹ́gẹ́ bí ìbò kálukú ṣe pọ̀ tó.

Ẹni tó bá gba ju ìdajì lọ ní ìpele kìíní ti wọlé tán. Bí kò bá sí, àkójọ orúkọ tó bá gba ìdá 10 ó kéré tán ló lè lọ sí ìpele kejì. Èyí tó gba 5 lè bá òmíràn da orúkọ pọ̀.

Normandie ni kó o fi wò ó. Ní 2015, Hervé Morin ti apá ọ̀tún gba 36.4, Nicolas Mayer-Rossignol ti apá òsì gba 36.1, Front National gba 27.5. Ìbò tó wà láàárín ẹni kìíní àti ẹni kejì kò tó 5,000 ní odidi région. Àga wọn ńkọ́? 54 sí 27! Ènì náà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ó tọ́ kí àwọn Sósíálísìtì yẹ̀ba níbí. Ká ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, tí Le Pen sì tún gba 40, ènì 25 pẹ̀lú ìdá 30 tó máa bù nínú ìyókù á jẹ́ 55. Ìbò 40 á fún un ní àṣẹ lórí gbogbo lycée àti gbogbo ọkọ̀ ojú irin láti Dunkerque dé Creil.

Àlàdé62

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Ìtòsí Hénin-Beaumont ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún àwọn tí kò débẹ̀ rí.

Ẹ ó rí ilé bíríkì pupa tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra lọ gbọọrọ ní òpópónà kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọgbà ewébẹ̀ kékeré lẹ́yìn rẹ̀. Ilé tí iléeṣẹ́ èédú kọ́ fún àwọn awakùsà ni. Lẹ́yìn ilé ni òkìtì dúdú wà, ó ga bí òkè, koríko ti hù sí ara rẹ̀. Ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà nígbà tí wọ́n ń wa èédú ló ga tó bẹ́ẹ̀. Ní 1990 ni wọ́n ti kànga èédú tó kẹ́yìn ní gbogbo ìhà yẹn pa. Iléeṣẹ́ Metaleurop tó ń yọ́ òjé ní Noyelles-Godault pa dé ní 2003, ó lé ní 800 òṣìṣẹ́ tó bọ́ síta lójijì. Ta ni gbogbo wọn ń dìbò fún tẹ́lẹ̀? Sósíálísìtì àti Kọ́múnísìtì, láti ìran bàbá wọn. Lẹ́yìn náà ni méyọ̀ Sósíálísìtì Hénin-Beaumont, Gérard Dalongeville, wá fọwọ́ kan owó ìlú. Wọ́n yọ ọ́ nípò ní 2009, ilé-ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi ní 2013. Nígbà tó fi di oṣù Kẹta 2014, Steeve Briois ti Front National wọlé ní ìpele kìíní. Ní 2020 ó tún wọlé, ìbò rẹ̀ lé ní 70 nínú 100.

Ará ibẹ̀ tó bá rí i pé ọ̀tún àti òsì tó ti ń bú ara wọn láti àárọ̀ dìjọ dìmọ́ra lálẹ́ ọjọ́ kan kí ẹni tí òun yàn má baà wọlé, kí lẹ rò pé á sọ? Á ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ohun tí Le Pen sì ń wí fún un lójoojúmọ́ nìyẹn. Yíyẹ̀ba yẹn gba région là fún ọdún díẹ̀, ó sì fi ìbínú pamọ́ sínú àwọn èèyàn.

Ẹ tún wo Grand Est lọ́dún kan náà. Jean-Pierre Masseret, Sósíálísìtì, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó yẹ̀ba, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó dúró ní ìpele kejì. Philippe Richert ti apá ọ̀tún ló ṣì wọlé, tó na Florian Philippot, àwọn Sósíálísìtì sì ní káńsẹ́lọ̀ nínú ìgbìmọ̀. Ọ̀run ò já.

Àbẹ̀kẹ́_Lyon

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, torí ènì tí ẹ ń jiyàn lé lórí yìí ní ohun tó bí i, Lyon tí mò ń gbé yìí sì ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù.

Kí wọ́n tó yí òfin padà, ìpele kan ṣoṣo ni ìbò région. Bí ìbò bá ṣe rí ni wọ́n ṣe ń pín àga, kò sí ènì. Ní oṣù Kẹta 1998, ọ̀pọ̀ région ni ẹnikẹ́ni kò ti ní àga tó láti darí, Front National ló wá wà láàárín, tí ọ̀tún nílò rẹ̀, tí òsì kò fẹ́ rí i. Ní ọjọ́ 20 oṣù yẹn, àwọn aṣáájú apá ọ̀tún ní région márùn-ún gba ìbò àwọn káńsẹ́lọ̀ Le Pen bàbá kí wọ́n lè di ààrẹ. Charles Millon wà lára wọn, ní Rhône-Alpes níbí. Mínísítà ètò ààbò tẹ́lẹ̀ ni o! Àwọn èèyàn tú jáde sí ìgboro láti fẹ̀hónú hàn, ẹgbẹ́ rẹ̀ lé e. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ilé-ẹjọ́ gíga tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìjọba, Conseil d'État, fagi lé yíyàn rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1999, Anne-Marie Comparini, ọmọ apá ọ̀tún aláàárín, ló gba ipò náà, àwọn káńsẹ́lọ̀ òsì ló sì dìbò fún un kí Millon má baà padà.

Ìtìjú yẹn ló mú kí wọ́n gbé ìpele méjì àti ènì wọlé, 2004 ni wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó bá ṣíwájú lè darí láìjẹ́ pé ó lọ tọrọ ìbò lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Nítorí náà, Àlàdé, bí ẹ bá ní kí wọ́n yọ ènì kúrò, ẹ sọ ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀, torí mo mọ ibi tí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ já sí.

Ènì yẹn kan náà ló sì jẹ́ kí ọ̀pá yí lẹ́ẹ̀kan náà ní 2004. Òsì gba 20 nínú région 22. Jean-Pierre Raffarin ni olórí ìjọba nígbà náà, Poitou-Charentes ni ìlú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ti darí ibẹ̀ rí. Ségolène Royal gbà á mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ní 2010, lábẹ́ Sarkozy, òsì gba 21 nínú 22. Alsace nìkan ló ṣẹ́ kù fún apá ọ̀tún.

Dèjì_Akúrẹ́

Ó yé mi wàyí. Ẹni tó bá wà ní ààfin ní Paris ni wọ́n ń fìyà jẹ níbi ìbò ìbílẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Lyon

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, fún ìgbà pípẹ́. Chirac ni wọ́n fi ìbò 2004 bá wí, Sarkozy ni wọ́n fi ti 2010 bá wí. Nígbà tó kan Hollande, wọ́n gba ọ̀pọ̀ ìlú lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2014, ó ní láti pààrọ̀ olórí ìjọba, Manuel Valls rọ́pò Jean-Marc Ayrault. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba département tó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Kejìlá, nínú région 13, ọ̀tún gba méje, òsì gba márùn-ún, Corse bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gilles Simeoni tó ń jà fún ẹ̀tọ́ erékùṣù wọn. Ìgbà yẹn ni Île-de-France kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ Valérie Pécresse, tí Laurent Wauquiez sì gba tiwa níbí.

ỌmọKétu

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ o. Èmi láti Kétu ni, ní Benin, Bobigny lẹ́bàá Paris ni mò ń gbé. Ètò commune, méyọ̀ àti préfet yìí kò ṣàjèjì sí wa, torí nínú aṣọ Faransé ni wọ́n ti gé tiwa náà.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìjíròrò yìí ni pé gbogbo yín ń sọ ẹni tó yẹ̀ba àti ẹni tó dúró, ẹ ò sọ ti àwa tí wọn ò jẹ́ ká dìbò rárá. Mo ń san owó orí. Ọmọ mi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Méyọ̀ ló ń pinnu oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ lọ́sàn-án, àti ẹni tó máa rí ilé ìjọba gbà. Ará Pọ́túgà tó ń gbé lókè mi lè dìbò yan méyọ̀ torí ọmọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni. Èmi kò lè ṣe é.

François Mitterrand fi í sínú ìlérí 110 tí ó ṣe ní 1981, òun ni ìkọgọ́rin: pé àjèjì tó bá ti gbé ìlú fún ọdún márùn-ún yóò lè dìbò yan ìgbìmọ̀ ìlú. Kò ṣe é. Ilé Aṣòfin kékeré fọwọ́ sí i ní 2000, Sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí tiwọn ní oṣù Kejìlá 2011, Hollande náà ṣèlérí rẹ̀ ní 2012. Títí di òní, kò tíì di òfin. Bobigny tó jẹ́ ti Kọ́múnísìtì láti ìgbà ìwáṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún aláàárín ní 2014, Kọ́múnísìtì tún gbà á padà ní 2020. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, àwa aláwọ̀ dúdú tó kún àdúgbò kàn ń wo ojú wọn ni.

ÌyáÌbejì93

ỌmọKétu, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń ká mi lára. Èmi ti gba ìwé ọmọ onílùú, mo sì máa ń dìbò.

Àmọ́ kí ẹ má baà rò pé ẹnu ọ̀nà tì pátápátá: Raphaël Élizé, ọmọ Martinique, di méyọ̀ Sablé-sur-Sarthe ní 1929. Àwọn Násì mú un, ó sì kú ní àgọ́ Buchenwald ní 1945. Kofi Yamgnane tí wọ́n bí ní Togo di méyọ̀ Saint-Coulitz ní Bretagne ní 1989, abúlé àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun, kó tó di mínísítà kékeré lábẹ́ Mitterrand. Àwọn tó ń dá oko níbẹ̀ ló yàn án, tí wọ́n sì tún un yàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ ìdìbò ṣe máa ń rí, fún Dèjì àti àwọn tó wà nílé. Ọjọ́ Àìkú ni. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ibùdó wa. Kò sí ìwé kan ṣoṣo tí àmì gbogbo ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀, kò sì sí pé à ń ki ìka bọ tàdáwà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì. Wàá mú méjì tàbí mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má baà mọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ, wàá mú àpòòwé, wàá wọ inú yàrá kékeré tí wọ́n ta aṣọ bò, wàá ki ọ̀kan bọ inú àpòòwé. Àpótí ìbò náà dán gbinrin, gbogbo èèyàn ń rí inú rẹ̀. Bí àpòòwé bá ti bọ́ sínú rẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ á ké sókè pé "A voté!", ìwọ á sì buwọ́ lu ìwé.

Lálẹ́, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ àwa olùdìbò bóyá a lè dúró kà á. Mo ti dúró rí. Èèyàn mẹ́rin ní tábìlì: ọ̀kan ń ṣí i, ọ̀kan ń kà á jáde, àwọn méjì ń sàmì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí àṣìṣe má baà wà. Ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń dì í. Ní 2021, nígbà tí wọ́n da àpótí sílẹ̀, ohun tó jáde kéré débi pé ọkàn mi bàjẹ́.

Akọ̀wéLille

Ẹ ṣeun mà. 2021 tí ẹ dárúkọ yẹn gan-an ló yẹ kí n dé. Ìdá 33 péré nínú 100 ló jáde ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹfà. Ní ọjọ́ 27, kò tó 35. Kòrónà ti sún ìbò náà síwájú láti oṣù Kẹta, wọ́n sì pa ti département àti ti région pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tí wọ́n gbé iṣẹ́ pípín ìwé ìpolongo fún kò pín in dé ọ̀pọ̀ ilé. Sẹ́nétọ̀ ṣèwádìí rẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí Àbẹ̀kẹ́ sọ. Ẹgbẹ́ Macron ló wà ní ààfin, àmọ́ kò ní région kan tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rí ìkankan gbà. Níhìn-ín, wọ́n kó mínísítà jọ sínú àkójọ orúkọ wọn, títí kan Éric Dupond-Moretti, síbẹ̀ wọn ò gba ìdá 10 tí wọ́n fi ń lọ sí ìpele kejì. Ní gbogbo région 13, ẹgbẹ́ tó wà lórí àga ló padà wọlé, ọ̀tún ní tiwọn, òsì ní tiwọn, àwọn Simeoni ní Corse. Lókè òkun nìkan ni nǹkan ti yí: Huguette Bello ti òsì gba Réunion, Serge Letchimy gba Martinique, Gabriel Serville gba Guyane.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Nígbà tí mo bá wo àwòrán region láti 2004 dé 2021, mi ò rí i pé àwọn Faransé ń yí ọkàn padà lọ́pọ̀ tó bí àwòrán ṣe ń yí àwọ̀. Ẹni tó jókòó sílé, ẹni tó yẹ̀ba àti ibi tí ènì bọ́ sí ló ń pinnu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2015, ìdá 50 ló jáde ní ìpele kìíní, 58 ní ìkejì, ìyàtọ̀ yẹn ló dá Le Pen dúró. Ní 2021, àwọn tó ń dìbò fún un náà jókòó sílé, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tó 20 ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn arúgbó ló jáde, ẹni tí wọ́n sì ti mọ̀ ni wọ́n yàn.

Àlàdé62

Ẹ̀gbọ́n, mo gba èyí tí ẹ sọ nípa àwọn tó jókòó sílé. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kò jáde ní 2021. Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí, wọ́n á ní région kò kan àwọn, àwọn ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọkọ̀ TER tó ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ ń pẹ́, wọn ò mọ̀ pé Bertrand ni wọ́n lè bi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Provence-Alpes-Côte d'Azur (PACA) kí ẹ tó máa yin yíyẹ̀ba. Ní 2015, Christophe Castaner yẹ̀ba kí Christian Estrosi lè na Marion Maréchal-Le Pen, 54.8 sí 45.2. Ní 2021, Jean-Laurent Félizia ti ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé, àwọn tó ń jà fún àyíká, ní òun á dúró, wọ́n fúngun mọ́ ọn, ó yẹ̀ba, Renaud Muselier sì na Thierry Mariani. Ìbò région tó ń bọ̀ di 2028. Ọdún méjìlá ni èyí, ní région tí Marseille wà nínú rẹ̀, tí apá òsì kò ní ẹnì kan ṣoṣo tó lè dìde nínú ìgbìmọ̀ kó ní "Ẹ dúró, ibo ni owó yìí ń lọ?" Ẹgbẹ́ Le Pen nìkan ni alátakò tó wà níbẹ̀. Ẹni tí ìjọba ibẹ̀ bá ṣẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni ẹ fẹ́ kó lọ?

Àbẹ̀kẹ́_Lyon

Èyí wọ̀ mí lára. Mi ò tíì ronú dé ibẹ̀ rí.

Mo kàn fẹ́ fi ti ìlú kún un, torí ìlú àti région kì í sábà lọ sí ọ̀nà kan náà. Ní oṣù Kẹfà 2020, aláwọ̀ ewé gba Lyon, Grégory Doucet di méyọ̀. Wọ́n gba Strasbourg. Wọ́n gba Bordeaux tó wà lọ́wọ́ apá ọ̀tún láti 1947! Lille bọ́ lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ìbò 227, Martine Aubry ló fi ìyẹn yọ. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Louis Aliot ti ẹgbẹ́ Le Pen gba Perpignan. Nígbà náà, bí ẹ bá ń gbé Lyon, méyọ̀ yín jẹ́ aláwọ̀ ewé nígbà tí région yín wà lọ́wọ́ Wauquiez, títí ó fi fi ipò náà sílẹ̀ ní 2024, àwọn méjèèjì ò sì fi inú kan bá ara wọn lò. Ní 2022 région gé owó ìrànwọ́ àwọn ilé àṣà kù, Opéra Lyon wà lára wọn. Àwọn òṣèré àti olórin ló jẹ ìyà náà.

ÌyáÌbejì93

Ẹ tún rántí pé owó ọkọ̀ wà níbẹ̀. Pécresse tó jẹ́ ààrẹ Île-de-France ló ń darí àjọ tó ń pinnu iye káàdì Navigo. Ó jẹ́ yúrò 70 nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di iye kan náà fún gbogbo région ní 2015. Ní 2023 ó di 84.10, ní 2025 ó di 88.80. Obìnrin tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ gbá ọ́fíìsì ní La Défense, oṣooṣù ló ń san án. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé ìbò région kò kàn án, kó fi káàdì yẹn hàn án.

Akọ̀wéLille

Àlàdé, ọ̀rọ̀ tìẹ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Mo ṣì dúró lórí 2015 ní ìhà àríwá: ẹni tó ti gba 40.6 ní ìpele kìíní, tí ẹni kejì rẹ̀ wà ní 25, kò sí àyè láti dán an wò. Ní Grand Est, Philippot bẹ̀rẹ̀ láti 36, ó sì parí sí 36. Ewu ibẹ̀ kò tó tiwa. Àmọ́ PACA ní 2021 yàtọ̀. Mariani gba 36.4, Muselier 31.9, Félizia 16.9. Ó nira, mi ò ní purọ́, ìyàtọ̀ yẹn kéré púpọ̀. Síbẹ̀ mo gbà pé ẹ̀ẹ̀mejì léra wọn láìní àga kan ti pọ̀ jù fún ẹgbẹ́ tó bá ṣì fẹ́ wà láàyè.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n tún òfin náà ṣe: ẹgbẹ́ tó bá yẹ̀ba lẹ́yìn tó ti gba ìdá 10 ní ìpele kìíní, kí wọ́n ya àga díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Òfin lónìí gbà kó da orúkọ pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, àmọ́ ọ̀tún kì í gbà láti da orúkọ pọ̀ mọ́ òsì, òsì náà kì í fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ní 2021 níbí, àkójọ Karima Delli tó so aláwọ̀ ewé, Sósíálísìtì àti Kọ́múnísìtì pọ̀ dúró ní ìpele kejì, ó gba 22, Bertrand ṣì wọlé pẹ̀lú 52. Òsì ti padà sínú ìgbìmọ̀, wọ́n ń béèrè ìbéèrè.

Dèjì_Akúrẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Mo ní ìbéèrè kan tó kù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Toulouse ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ onílùú ni. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá orúkọ òun ti wà lórí ìwé ìdìbò, ojú sì ń tì í láti lọ béèrè ní mairie, ọ́fíìsì méyọ̀.

ÌyáÌbejì93

Kí ojú má tì í rárá. Láti 2019, ẹni tó bá di ọmọ Faransé, wọ́n máa ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n bó bá ti kó kúrò ní àdírẹ́sì tó fi kọ̀wé nígbà náà, ó lè jẹ́ ìlú tó kúrò níbẹ̀ ni wọ́n fi í sí, ó sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Kó lọ sórí ojúewé ìjọba, service-public, kó tẹ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ síbẹ̀, á rí ibùdó rẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, ó lè forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ní mairie, ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ Jímọ̀ kẹfà ṣáájú ìbò ni wọ́n máa ń tì í. Bí ó bá fẹ́ kí ẹnì kan bá òun lọ, kó kọ̀wé sí mi níbí, mo mọ ìyá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Toulouse tí inú rẹ̀ á dùn láti tẹ̀ lé e.